Níbo La Ti Ń Jẹun Gidi ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Dé

Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kó wá sí Ṣàgámù, Ìperu, Ìlíṣàn, Ògijo àti ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Owó ilé Èkó ló lé àwọn kan wá, iṣẹ́ ló gbé àwọn mìíràn dé, àwọn kan sì wá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti rà tipẹ́. Tí wọ́n bá ti béèrè iná àti omi tán, oúnjẹ ló kàn. Àwọn ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ mi jù ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn.

Mo ti kó dé tipẹ́ díẹ̀, mi ò tíì rí búkà kan tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé kò sí oúnjẹ gidi níbí ni?

Ó wà, ó sì pọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé etí títì lẹ ti ń wá a.

Ẹ wo bí ilẹ̀ yìí ṣe rí ná. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ di Ṣàgámù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: Ọ̀fin, Màkún, Ìjòkùn, Ẹ̀pẹ́, Ìpójì, Bátòrò àti àwọn yòókù. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣì ń ṣe bí ìlú títí dòní, ó ní àwọn ìjòyè tirẹ̀, ó ní àwọn ìyá olóúnjẹ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àárín ìlú kan tí ẹ lè lọ dúró sí pé gbogbo oúnjẹ tó dáa ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé Màkún lè má mọ̀ rárá pé ìyá kan wà ní Ìjòkùn tó ń se gbẹ̀gìrì tí àwọn èèyàn ń tò dè. Ẹ wá fi Ìperu, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́ kún un, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn tán, pẹ̀lú àwọn ẹ̀sítéètì tuntun tó jẹ́ pé ilé nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọjà.

Ọ̀nà márosẹ̀ ni ìkejì. Èyí tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde dé Bìní, Ṣàgámù ni wọ́n ti pàdé. Èrò tó ń kọjá lójúmọ́ kò lóǹkà, ebi sì ń pa wọ́n, nítorí náà oúnjẹ pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ fún èrò ọ̀nà kò retí pé òun á tún rí i. Ẹni tó ń se fún mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ pé bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lónìí, wọ́n á sọ ọ́ sí òun létí lọ́la, bó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á kọjá lójú rẹ̀ lọ jẹun níbòmíràn. Ibi tí àwọn èèyàn kan náà ti ń jẹun lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa wá. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ibo gan-an ni kí n wá kọjú sí?

Ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn mẹkáníìkì kóra jọ sí, ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé gírámà, ojú ọ̀nà tó wọ ilé ìwòsàn ńlá OOUTH ní Ṣàgámù. Tí wọ́n bá ń kọ́ ilé púpọ̀ ládùúgbò yín, ẹ wo ibi tí àwọn bíríkìlà ń rìn lọ láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán. Ẹni tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù láti aago méje àárọ̀ kò ní lọ jẹ oúnjẹ tí kò yó o, kò sì ní owó tó máa fi ṣòfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀sítéètì tí kò ní nǹkan kan, ẹ má wulẹ̀ wá a nínú ẹ̀sítéètì. Ẹ lọ sí abúlé tàbí ìlú àtijọ́ tó sún mọ́ yín jù, torí kò sí ẹ̀sítéètì kan ní Rẹ́mọ tí kì í ṣe orí ilẹ̀ ìlú kan ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìlú yẹn ti ń jẹun kí ẹ̀sítéètì tó dé.

Ta ni kí n bi? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń júwe ilé oúnjẹ ńlá tó wà lójú títì fún mi.

Bí ẹ ṣe béèrè ló fà á. Tí àlejò bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ tó dáa?", èèyàn á júwe ibi tó rò pé ó yẹ àlejò: ibi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó ní àga dáadáa. Wọn ò purọ́ fún yín, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi wọ̀ yín. Ẹ yí ìbéèrè yẹn padà. Ẹ bi ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti jẹun lánàá?" Ìyẹn ò ní ìdáhùn méjì. Tó bá ní ilé ni òun ti jẹ, ẹ bi ẹlòmíràn.

Èèyàn méjì tún wà tí àwọn àlejò kì í rántí bi. Ẹni tó ń lọ ata ni àkọ́kọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó sún mọ́ yín ní kùtùkùtù, ẹ bá a gbé ata tiyín lọ, ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ ó rí àwọn oníbúkà bí wọ́n ṣe ń gbé ike ata wọn dé. Ẹ wo inú ike wọ̀nyẹn. Ti ẹnì kan á pupa, tàtàsé rẹ̀ á dán, àlùbọ́sà á wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ti ẹlòmíràn á jẹ́ tòmátì tó ti ń rà tí wọ́n yọ ìdí rẹ̀ kúrò. Ẹlẹ́rọ náà ti mọ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tó ń lọ ata lójoojúmọ́ àti ẹni tó ń lọ ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o. Èwo nínú àwọn ìyá olóúnjẹ yìí lẹ máa ń ra oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀?" Ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Alápatà ni ìkejì. Ó mọ ẹni tó ń ra ẹran tuntun láàárọ̀ àti ẹni tó ń dúró di ìrọ̀lẹ́ kó lè ra àjẹkù ọjà ní ẹ̀dínwó.

Ṣé Google Maps ò lè ràn mí lọ́wọ́?

Díẹ̀. Ó máa bá yín rí àwọn ilé oúnjẹ tó ní pátákó, ilé ìtura, àti àwọn tó ń ta súyà lójú títì ńlá. Àwọn búkà inú àdúgbò, ọ̀pọ̀ wọn ò sí níbẹ̀, òmíràn sì wà níbẹ̀ tó ti kó kúrò. Ohun tí fóònù yín wúlò fún jù ni WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ ló máa ń gbé ohun tí wọ́n sè lónìí sórí sítétọ́ọ̀sì wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tí ẹ bá jẹun níbì kan tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba nọ́ńbà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ò tún ní fẹsẹ̀ rìn lọ bá ìkòkò òfìfo.

Kí n tó jókòó, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé búkà kan dáa?

Ojú ní í kọ́kọ́ jẹun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí imú náà ṣiṣẹ́. Ẹ dúró síta díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ó yẹ kí abọ́ omi ju ẹyọ kan lọ: ibi tí wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àti omi mímọ́ tí wọ́n fi ń ṣàn án. Tí omi ìṣanbọ́ náà bá ti dúdú, tí epo léfòó lórí rẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ wo ibi tí wọ́n da abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ dé, ṣé orí tábìlì ni tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ojú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ata tó jinná dáadáa, epo rẹ̀ máa ń yọ sókè, àwọ̀ rẹ̀ á sì rẹ̀ díẹ̀. Tí omi bá dá dúró lọ́tọ̀ létí abọ́ tí ata wà láàárín, wọn ò dín in. Ọbẹ̀ tó ti ń kan ní òórùn tirẹ̀ tí àlùbọ́sà kò lè bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí ìyá olóúnjẹ ń sọ fún àwọn oníbàárà. Tó bá ń ní, "Ẹ̀fọ́ ti tán o, ó ku ewédú," ìyẹn dáa púpọ̀. Oúnjẹ tó ń tán ni oúnjẹ tí wọ́n ń sè lójoojúmọ́. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ibi tí gbogbo nǹkan wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: irú ọbẹ̀ mẹ́jọ, kò sí èyí tó ń tán nínú wọn. Oúnjẹ wo ni wọ́n ń tà gan-an, ti òní tàbí ti ìjẹta?

Àti pé, ẹ wo bó ṣe ń bá àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo gbà gbọ́ pé ibi tí wọ́n bá ti ń lu ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń ṣépè fún un láàárín oúnjẹ, kò yẹ ká náwó wa síbẹ̀, bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ dùn ju oyin lọ.

Wọ́n máa ń ní ibi tí àwọn awakọ̀ bá ti ń jẹun ló dáa jù. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ díẹ̀ ni. Awakọ̀ èrò tó yà ní ojú títì wá ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí tí wọ́n á sì tètè dá a lóhùn. Ìyẹn yàtọ̀ sí adùn. Àmọ́ ti àwọn awakọ̀ tírélà ní Ògèrè tún yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń sùn síbẹ̀, wọ́n sì máa ń padà sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ kan náà nígbàkígbà tí wọ́n bá kọjá. Oníbàárà tó ń padà wá ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn jìn. Nítorí náà oúnjẹ wà ní Ògèrè tó gbóná ní àsìkò tí gbogbo Rẹ́mọ ti sùn. Ariwo wà níbẹ̀, èéfín ọkọ̀ wà níbẹ̀, mi ò sì ní kí ẹ kó ọmọ kékeré lọ síbẹ̀ lóru.

Mo fẹ́ jẹ oúnjẹ ilẹ̀ yìí gan-an: ìkọ́kọrẹ́, ebìrìpò, ọ̀jọ̀jọ̀. Kí ló dé tí mi ò rí i ní búkà?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ló fà á. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lè gbé ìkòkò kaná kó máa ṣe nǹkan mìíràn lọ. Ìkọ́kọrẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bó ewùrà, wọ́n á rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, ọwọ́ á máa yún wọn. Ọbẹ̀ ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti edé á ti máa hó lórí iná. Wọ́n á wá máa fi ìka bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kékeré kékeré, wọ́n á rẹ iná sílẹ̀, wọ́n á dé e. Ẹni tó bá fi wàdùwàdù rò ó lójú ẹsẹ̀ ti bà á jẹ́, ńṣe ló máa yọ́ pọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí kókó rẹ̀ á fi mú, kó tó wá fi ọgbọ́n yí i. Ìkọ́kọrẹ́ tó dáa, ẹ ó rí kókó rẹ̀ lójú abọ́, àmọ́ tí ẹ bá fi ṣíbí kàn án, ó rọ̀. Ẹja inú rẹ̀ á ṣì jẹ́ ẹja, kì í ṣe òórùn ẹja lásán.

Nítorí wàhálà yẹn, ọ̀pọ̀ oníbúkà kì í sè é lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni, "Mọ́mì, ọjọ́ wo lẹ máa ń se ìkọ́kọrẹ́?" Ẹ sì tètè dé ọjọ́ náà. Àsìkò náà tún ṣe pàtàkì: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewùrà máa ń pọ̀ lọ́jà. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ewùrà á wọ́n, àwọn kan á sì fi iṣu mìíràn lú u. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu, torí kì í fà bí ewùrà ṣe ń fà.

Tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀bà tútù, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn: ẹ̀bà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tó ti tutù tó ti le díẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ tó ń gbóná. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ló dùn ún fi ṣe é. Wọ́n ti fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án, ìdí nìyẹn tó fi kan, tó sì gbẹ wínrínwínrín. Búkà tó bá ń fi gààrí tí kò kan tẹ ẹ̀bà ní Ìjẹ̀bú, ẹ bi wọ́n ní ìdí.

Ebìrìpò ní tirẹ̀, kókò ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sì ń sè. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà lẹ ti lè rí i jù, lórí igbá àwọn ìyá àgbà. Ẹ lọ bá wọn lórí ìjókòó wọn, ẹ má retí pé ẹ ó bá a nínú búkà. Ọ̀jọ̀jọ̀ náà, ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọn alákàrà.

Àyámáṣe ńkọ́?

Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ní tiwọn ni, Rẹ́mọ sì gbà fún wọn. Ẹ lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ kan péré, kí ẹ lè mọ bó ṣe yẹ kó rí, kí ẹ tó máa ra ti ibòmíràn. Ata tútù tí kò tíì pọ́n ni wọ́n fi ń se é, kì í ṣe ata pupa. Wọ́n á yọ́ epo pupa títí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́, irú á wọ inú rẹ̀, ṣàkì, ìfun, pọ̀nmọ́ àti ẹyin sísè á tẹ̀lé e. Tí epo náà bá ń korò lẹ́nu, wọ́n jó o kọjá ààlà. Tó bá sì jẹ́ pé ata pupa ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ má pè é ní àyámáṣe.

Ìrẹsì ọ̀fàdà tí wọ́n bù sínú ewé ló yẹ ẹ́. Ọ̀fàdà gidi kúrú, ilà pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ wà lára hóró rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta síni nímú kí wọ́n tó tú ewé. Èyí tó funfun tó sì gùn bí ìrẹsì àpò, wọ́n ti lú u.

Mo ń gbé nítòsí ilé ìwé gíga. Ṣé ti àwa náà yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gan-an. Ní Ìlíṣàn, Babcock ló ń gbé ìdajì ọjà. Ìjọ Seventh-day Adventist ló ni ilé ìwé náà, ọjọ́ Sátidé sì ni ọjọ́ ìsinmi wọn, láti ìrọ̀lẹ́ Fúráídè. Ẹ má wá oúnjẹ lọ sí ẹnu géètì wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ inú ìlú Ìlíṣàn lọ. Ní Àgọ́-Ìwòyè tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà, àti ní Ìjagun lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pinnu. Tí wọ́n bá wà nílé ìwé, oúnjẹ pọ̀, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti sùpàgẹ́tì ló pọ̀ jù. Tí wọ́n bá lọ ìsinmi, ìdajì àwọn búkà á tilẹ̀kùn. Àwọn tó bá ṣí nígbà náà ni kí ẹ há sórí, torí àwọn ará ìlú ló ń jẹun níbẹ̀.

Níbo ni kí n ti jẹun lálẹ́?

Sábó, ti Ṣàgámù àti ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ pẹ́ tí Ṣàgámù ti jẹ́ ojúkò obì, obì ló sì kó àwọn Hausa oníṣòwò wá síbẹ̀. Oúnjẹ wọn bá wọn wá: súyà, tùwó, wáínà, wàrà. Ìgbà tí àwọn ìyá olóúnjẹ wa bá ti ń fọ ìkòkò ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń sun ẹran rẹ̀ lójú yín, tó sì ń gé e lójú yín. Èyí tó ti tò sínú gíláàsì láti ọ̀sán, ẹ fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ńkọ́?

Àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí ògì. Ẹ wo epo ìdín-àkàrà rẹ̀: tó bá ti dúdú bí epo ọkọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ alákàrà tó kàn. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé dùn ju ti inú ike lọ, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Báwo ni ti owó? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má fi mí ṣe àlejò.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá." Ẹ ó rí i bí ojú wọn á ṣe tú ká. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye owó ẹran kí ṣíbí tó kan ọbẹ̀, torí ẹran àti ẹja ni owó oúnjẹ ti ń gùn. Ṣíbí ìrẹsì kan tàbí ẹ̀bà kan kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹran èló?" Ẹ dárúkọ iye tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n nà án sókè fún yín wò.

Nípa ènì, ẹ má bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ń wá déédéé ni wọ́n ń fi ọbẹ̀ kún tirẹ̀ láìbèèrè.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba tíránsífà báyìí, àmọ́ ẹ béèrè kí ẹ tó jẹun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dákú, ìyá náà ò sì ní jẹ́ kí ẹ lọ títí álẹ́ẹ̀tì á fi wọlé sórí fóònù rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ mú owó díẹ̀ sápò.

Ẹ̀rù àìsàn ń bà mí. Ṣé oúnjẹ búkà ò léwu?

Oúnjẹ tó bá ń gbóná nígbà tí wọ́n bù ú kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ti ibikíbi ì báà jẹ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí wọ́n ti sè máa gbóná ju ìwọ̀n 60 sẹ́ńtígíréèdì lọ títí wọn á fi jẹ ẹ́, kó má sì ju wákàtí méjì lọ níta tí kò gbóná. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n: tí oru kò bá jáde nígbà tí wọ́n ṣí kúlà, ẹ ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná fún yín. Olóúnjẹ gidi ò ní bínú.

Àrùn onígbáméjì, omi ló ń gbé e rìn jù. Ẹ máa mu omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ má sì fi omi inú abọ́ kan náà tí gbogbo ayé ń fọwọ́ sí fọ ọwọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n da omi sí yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún yín ní ọṣẹ. Sàláàdì tí a ò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, mi ò kì í jẹ ẹ́ níta.

Ẹni tí dókítà bá ti ní kó dín iyọ̀ kù, kó bá ìyá olóúnjẹ sọ ọ́ ní gbangba. Kò lè yọ iyọ̀ inú ọbẹ̀ tó ti jinná, àmọ́ ó lè máa bu ẹ̀fọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kejì kó tó fi iyọ̀ àti magí sí i. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà wọn láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Kí ló dé tí ìyá tí mo fẹ́ràn oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣí ní Sátidé?

Ó lọ sè níbi ìnáwó ni. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í ṣíwọ́ ayẹyẹ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dùn, àwọn olóde kì í jẹ́ kó sinmi. Èyí yẹ kó kọ́ yín ní nǹkan kan: ẹni tó mọ oúnjẹ sè jù ládùúgbò yín lè má ní búkà rárá. Alásè ni, inú ilé rẹ̀ ló wà. Nígbà tí ẹ bá jẹun níbi ìnáwó kan tó wù yín, ẹ wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ẹ kí àwọn tó wà nídìí ààrò, ẹ béèrè ẹni tó se é. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba iṣẹ́ kékeré láàárín ọ̀sẹ̀: ìkòkò ọbẹ̀ kan, kúlà ìrẹsì kan, mọ́ínmọ́ín. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè fi lọ ọjà.

Tí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ má fọkàn sí búkà kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oúnjẹ pọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú ilé àwọn èèyàn ló wà. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò pè yín.

Ibi tí mo máa ń jẹun ti ń bàjẹ́. Ṣé kí n kàn fi í sílẹ̀?

Ẹ sọ fún un kí ẹ tó lọ. Ẹ má sọ ọ́ lójú oníbàárà. Ẹ dúró kí èrò dínkù, ẹ ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, ọbẹ̀ àná yẹn kò dà bí tiyín." Wọ́n mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó ń bá wọn sè ti lọ, tàbí owó ata ló ti fò sókè tí wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe fi díẹ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ kí ẹ san owó díẹ̀ lé e ju kí wọ́n máa se ohun tó ń tì wọ́n lójú lọ. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ tí kò yí padà, ẹ lè máa lọ.

Mo ti rí ọ̀kan tó dáa gan-an. Ṣé kí n máa polongo rẹ̀?

Ẹ bi ìyá náà ná. Tó bá jẹ́ pé ìkòkò kan ló lágbára láti sè lójúmọ́, tí àwọn bíríkìlà àti àwọn tíṣà sì ń jẹ ẹ́ tán ní aago méjì, èrò ogún tó bá dé láti ẹ̀sítéètì lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ kí ẹni tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá wá bá ìkòkò òfìfo. Tó bá ní òun lè fi ìkòkò kan kún un, ẹ jọ sọ iye àwo àti àsìkò tí ẹ ó máa wá gbé e. Ẹ yan ẹnì kan láàárín yín tí á máa kó owó jọ, tí á máa fi ránṣẹ́ sí i ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ó lè fi ra ata àti ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kejì.